Tápà ni orúkọ ìdílé wa, àyẹ̀wò DNA ò sì rí Tápà kankan, ṣé ká pa orúkọ náà dà ni?

Ọmọ Òròkí:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ kan ló ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà Iléyá, mo wá ní kí n gbé e wá síbí kí ẹ̀yin tí ojú yín ti rí irú ẹ̀ bá mi dá sí i. Ọmọ Ọ̀sogbo ni mí, Ọ̀sogbo ni wọ́n bí bàbá mi sí, agbo ilé wa ò jìnnà sí Ọjà Ọba, orúkọ tó sì wà lára gbogbo ìwé wa látorí sátífíkéètì bàbá mi títí dórí NIN àwọn ọmọ mi ni Tápà. Tẹ́ ẹ bá dé àdúgbò wa tẹ́ ẹ ní ẹ ń wá ilé Tápà, ọmọdé á mú yín débẹ̀.

Ìtàn tí wọ́n sọ fún wa ò gùn. Wọ́n ní bàbá tó bí bàbá bàbá mi, ilẹ̀ Tápà ló ti wá, ó bá àwọn oníkáún wá, ó fẹ́yàwó níbí, ó sì jókòó. Ó parí. Ta ni bàbá ẹ̀, ìlú wo gan-an ló ti wá, kò sẹ́ni tó sọ. Èmi ò gbọ́ èdè Tápà, bàbá mi tó ti dolóògbé náà ò gbọ́ ọ, a ò lẹ́nì kankan ní Bídà tàbí Pàtìgì, àwọn ìyá wa sì rẹ aṣọ láró bíi ti gbogbo ilé tó kù nígbà tí Ọ̀sogbo ṣì jẹ́ ìlú aró tòótọ́tòótọ́.

Lọ́dún tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Kánádà ra àyẹ̀wò DNA tí wọ́n ń tutọ́ sínú ike kékeré yẹn, ó fi ránṣẹ́, èsì ẹ̀ sì dé: Nàìjíríà 88%, Benin àti Togo 9%, ìyókù wọ́n ní Gánà ni. Kò sí Tápà níbẹ̀, kò sí ohunkóhun tó jọ òkè ọ̀hún. Mo wo èsì yẹn lórí fóònù títí ojú fi ń ta mí.

Ohun tó wá mú kí n kọ ọ́ síbí nìyí. Ìpàdé ìdílé kan wáyé, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ sọ̀rọ̀, àgbà kan nínú ilé ní "Ẹ̀yin Tápà, ẹ jẹ́ kí onílé sọ̀rọ̀ ná." Kò sẹ́ni tó bá a wí. Àbúrò mi dìde, ó jáde, kò sì tíì dá sí ọ̀rọ̀ ilé látìgbà náà. Ní báyìí ó ní DNA ti dá wa láre, a kì í ṣe Tápà, òun ń lọ sí kóòtù lọ búra, òun á gbé e sínú ìwé ìròyìn, òun á máa jẹ́ orúkọ àbísọ bàbá àgbà wa, òun sì fẹ́ kí gbogbo wa jọ ṣe é. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi di ìparí oṣù. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé DNA lè sọ ibi tí orúkọ èèyàn ti wá lóòótọ́? Tí kò bá lè sọ ọ́, ibo lẹ ti máa ń wádìí tiyín? Mi ò fẹ́ ká pa orúkọ tá ò mọ ìtàn ẹ̀ rẹ́, mi ò sì fẹ́ kí àbúrò mi máa gbé ẹ̀gàn kiri.

Ìyá Aláró:

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ẹni tó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí ọmọ ilé ẹ̀ lójú ìpàdé ò ṣe dáadáa.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé ẹ ni pé sọ́nẹ̀mù tí gbogbo wa ń gbé kiri yìí ò pẹ́ rárá nílẹ̀ wa. Àwọn bàbá wa ní orúkọ àbísọ, ẹlòmíì ní àmútọ̀runwá, wọ́n ní oríkì bí Àjàní, Àlàó, Àdùkẹ́, wọ́n sì ní orílẹ̀ bí Oníkòyí, Olúfẹ̀, Òpómúléró, orílẹ̀ yìí ló ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀. Ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé dé, tí òyìnbó ń gba owó orí, tí wọ́n ń gba èèyàn síṣẹ́, akọ̀wé á ní "kí lorúkọ bàbá ẹ?", ohun tó bá bọ́ lẹ́nu ẹ lọ́jọ́ náà, òun ló máa di ti ọmọ àti ọmọ ọmọ. Nínú ilé tèmi, Ràjí ni bàbá mi ń jẹ́ nítorí orúkọ ìmàle bàbá wọn nìyẹn, ẹ̀gbọ́n wọn ń jẹ́ orúkọ oyè bàbá yẹn kan náà, àbúrò wọn tó lọ ilé ìwé àwọn onígbàgbọ́ ń jẹ́ orúkọ àbísọ ẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà, ọmọ bàbá kan náà, sọ́nẹ̀mù mẹ́ta! Tí ẹni tí kò mọ̀ bá rí àwọn ọmọ wọn lónìí, á ní wọn ò tan.

Òótọ́ ni pé àwọn orúkọ kan wà tó máa ń fi iṣẹ́ tàbí òrìṣà ilé hàn. Tó o bá gbọ́ Àyàn, ilé onílù ni. Ọ̀jẹ̀, ilé eégún. Ọdẹ, o ti mọ̀. Fá àti Awo, ilé babaláwo, Ọ̀ṣun sì kún ìlú tiwa yìí bámúbámú. Ṣùgbọ́n Tápà kì í ṣe irú ìyẹn. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń pe èèyàn ní Ìjẹ̀bú tàbí Gàm̀bàrí tàbí Ìbàrìbá, ará àdúgbò ló ń sọ èèyàn bẹ́ẹ̀. Àwọn Tápà fúnra wọn kì í pe ara wọn ní Tápà, Nupe ni wọ́n ń pe ara wọn, àwa Yorùbá la ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ẹnì kan nínú ilé yín tàbí níta ló sọ ẹnì kan ní Tápà. Ẹni tó sọ orúkọ yẹn àti ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún ni kó o wá. Ta ni obìnrin tó dàgbà jù nílé yín? Àwọn obìnrin ilé ló mọ oríkì, àwọn ọkùnrin wa kàn ń gbọ́ ọ ni.

Ọmọ Láàbù:

Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ láàbù ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀. Ohun àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ló ṣe àyẹ̀wò yẹn. Orúkọ bàbá ń gba ọwọ́ ọkùnrin wá, ohun tó sì ń bá a rìn nínú ara ni kúrómósómù Y, bàbá á fún ọmọkùnrin, ọmọkùnrin á fún ọmọkùnrin, obìnrin ò ní in rárá. Torí náà àyẹ̀wò tiwọn ò kan ipa ọ̀nà orúkọ yín tààrà.

Ibi tí wọ́n ti rí 88% yẹn, ìyẹn apá yòókù tí bàbá àti ìyá jọ fún wa ni. Ìdajì láti ọ̀dọ̀ bàbá, ìdajì láti ọ̀dọ̀ ìyá, ẹ máa pín in lọ bẹ́ẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń gòkè. Ẹni tó bí bàbá bàbá yín, tiẹ̀ nínú ara yín á tó nǹkan bí 12.5%, ó lè lé, ó lè dín. Ṣé ẹ rí i, kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kó sọnù. Ibo ló wá wà? Inú "Nàìjíríà" yẹn ni! Ṣé Bídà ò sí ní Nàìjíríà ni? Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àyẹ̀wò á mú tiyín, á fi wé tàwọn èèyàn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tẹ́ ẹ bá sì jọ jù ni wọ́n á kọ síwájú yín. Yorùbá àti Nupe ti ń bára wọn gbé létí odò Ọya láti ọjọ́ tó ti pẹ́, wọ́n ń fẹ́ra wọn, wọ́n ń jà, wọ́n ń tajà fúnra wọn, ó ṣòro fún irú àyẹ̀wò yẹn láti yà wọ́n. Bákan náà ni ti Benin àti Togo, ẹ má rò pé bàbá ńlá yín kan ti Kùtọnu wá, Kétu àti Sábẹ̀ wà ní ilẹ̀ Benin lónìí, Yorùbá sì ni wọ́n. Òyìnbó ló fa ààlà, ẹ̀jẹ̀ ò mọ ààlà yẹn.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Àwọn èèyàn tí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ fi ṣe àpẹẹrẹ "Yorùbá" fún gbogbo ayé nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní HapMap, tí àbájáde ẹ̀ jáde ní 2005, èèyàn 90 péré ni, bàbá, ìyá àti ọmọ láti ilé 30, Ìbàdàn ni wọ́n sì ti gbà wọ́n. Ìbàdàn! Ìlú tí ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá jọ tẹ̀ dó ní nǹkan bí 1829. Ta ló máa sọ pé kò sí ọmọ Tápà nínú àwọn babańlá èèyàn 90 yẹn?

Tí àbúrò yín bá sì fẹ́ lọ yẹ Y tiẹ̀ wò, ó ṣeé ṣe kó rí irú Y kan tí wọ́n ń pè ní E-M2, torí òun ló pọ̀ jù lára ọkùnrin Yorùbá, Ìgbò, àti gbogbo agbègbè yìí. Ìyẹn nìkan ò ní sọ nǹkan kan fún un. Ìgbà tó bá fi tiẹ̀ wé ti ọkùnrin míì tí wọ́n fura pé àwọn jọ tan ló máa wúlò. Ṣùgbọ́n kó rò ó dáadáa ṣáájú, nítorí àyẹ̀wò yìí máa ń tú àṣírí tí ẹnikẹ́ni ò béèrè, ẹni tó ń wá bàbá ńlá lè rí i pé bàbá òun gan-an kì í ṣe bàbá òun. Mo ti rí ilé tó dà rú bẹ́ẹ̀.

Àjàní Ìkìrun:

Èmi ò ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ọ̀rọ̀ pípa orúkọ dà yìí ni mo fẹ́ sọ torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa. Fá ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ bàbá bàbá mi. Nígbà tí bàbá mi gba Jésù wọ́n ní àwọn ò lè máa jẹ́ Fá mọ́, wọ́n yọ Fá, wọ́n fi Olú sí i, ìyókù orúkọ náà wà bó ṣe wà. Wọn ò ṣe é pẹ̀lú èrò burúkú, ọ̀pọ̀ ilé ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kú tí mo ń wá àwọn ẹbí wọn tó kù, ọdún méjì ni mo fi wá wọn torí Fá làwọn yẹn ṣì ń jẹ́, ìgbà tá a sì pàdé wọ́n rò pé mo wá gba ilẹ̀ ni. Ó dùn mí dòní.

Ìwé náà wà ńbẹ̀ o. Sátífíkéètì WAEC, BVN, NIN, pásípọ́ọ̀tù, ẹ̀ẹ̀kan náà kọ́ ni gbogbo ẹ̀ ń yí.

Orúkọ àti ẹ̀jẹ̀ ò kúkú rìn pọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ wo Àjàyí tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Sàró ló ti ṣèrìbọmi ní 1825 tó di Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà òyìnbó kan ni wọ́n fún un. Ọmọ ọmọ ẹ̀ tó ń jẹ́ Crowther lónìí, ṣé a máa ní òyìnbó ni?

Ọmọ Jẹ́bà:

Nupe ni ìyá mi, Yorùbá ni bàbá mi, Jẹ́bà la dàgbà sí, torí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Tápà bú yín. Ìyá Ṣàngó gan-an, ọmọ Tápà ni wọ́n ní i ṣe. Tápà ló lé Aláàfin Onígbogí kúrò ní Ọ̀yọ́ títí tó fi sá lọ sí Ìbàrìbá. Ní Èkó, Ọ̀ṣọ́dì Tápà tó jẹ́ ọ̀gágun Ọba Kòsọ́kọ́, tó kú ní 1868, Nupe ni wọ́n bí i, àwọn ọmọ ẹ̀ ọmọ Èkó sì ni wọ́n títí dòní, kò sẹ́ni tó máa ní kí onílé sọ̀rọ̀ ná.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ béèrè nílé nìyí: ṣé wọ́n gbé Ìgunnu rí? Eégún Tápà ni, ó ga fíofío, ọ̀pọ̀ ibi tí Nupe bá dé nílẹ̀ Yorùbá ló máa ń bá wọn lọ. Ṣé èèwọ̀ kan wà tí ẹ̀yin nìkan ń pa mọ́ nínú agbo ilé yẹn? Ṣé ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn àgbà yín máa ń sọ tẹ́ni tó kù ò mọ ìtumọ̀ ẹ̀? Ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń pẹ́ ju ìtàn lọ.

Ọmọ Òròkí:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe fún mi. Ìyá Aláró, mo ṣe ohun tẹ́ ẹ ní kí n ṣe. Ọjọ́ Sátidé mo lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní Òkè Báálẹ̀, wọ́n ti lé ní ẹni 80 ọdún, ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì ṣùgbọ́n ọpọlọ wọn ṣì pé. A kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Mo wá ní, Ìyá, bàbá ńlá wa tó wá láti ilẹ̀ Tápà, kí lorúkọ ẹ̀ gan-an?

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní "Ta ló sọ fún ẹ pé ọkùnrin ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, obìnrin ni! Bàbá tó bí bàbá bàbá mi, ọmọ Ọ̀sogbo ni, nínú agbo ilé yẹn náà ni wọ́n bí i sí. Ìyàwó mẹ́ta ló fẹ́, ìyàwó kẹta ni Tápà. Ogun ló kó o ní kékeré lọ́hùn-ún, wọ́n tà á dé Ìlọrin, láti Ìlọrin ó dé Ọ̀sogbo, bàbá yẹn ló san owó lórí ẹ̀ tó fi ṣaya. Nígbà tí Ìyá dé ibi ọ̀rọ̀ owó yìí wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ìtàn oníkáún yẹn, àwọn ọkùnrin ilé ló wá a fi bò ó nígbà tó yá, kí wọ́n má baà máa sọ fún ọmọ wọn pé wọ́n ra ìyá wọn ni.

Mo ní kí lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé wọn? Ìyá ní àwọn ò mọ̀ ọ́n, wọ́n ní kò jọ pé ẹnikẹ́ni béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ rí. Tápà ni ìyáálé ń pè é, Tápà ni gbogbo ilé ń pè é títí tó fi kú. Àwọn ọmọ ẹ̀, ọmọ Tápà. Ìgbà tí wọ́n sì pín ogún bàbá wọn ní ìdí igi, ìdí mẹ́ta ni wọ́n pín in sí, tiwa ni ìdí Tápà. Bàbá àgbà mi wá lọ gba iṣẹ́ ní réluwé, akọ̀wé béèrè orúkọ, ẹni tó mú un lọ ló bá a dáhùn pé ọmọ Tápà ni, akọ̀wé kọ Tápà sílẹ̀. Ibi tí sọ́nẹ̀mù wa ti wá nìyẹn.

Ẹni tó ní kí onílé sọ̀rọ̀ ná lọ́jọ́ ìpàdé, ọmọ ọmọ ìyáálé ni. Bàbá kan náà ló bí bàbá wọn àti bàbá àgbà wa.

Ìyá mọ ìyá Tápà yẹn dáadáa, ìyá Tápà náà ló tọ́ wọn fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní ó mọ aró rẹ ju àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ Jẹ́bà, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìyá ní tí ẹ̀rù bá bà á tàbí tí ọmọdé bá ṣubú, á ní "Sòkó!" Àwọn rò pé igbe lásán ni. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ báyìí ara mi bù máṣọ, torí bàbá mi náà máa ń sọ ọ́! Tí bọ́ọ̀sì bá ń sáré jù, á di àga mú, á ní Sòkó. A máa ń fi rẹ́rìn-ín.

Ọmọ Jẹ́bà:

Ẹ̀gbọ́n, omi dé sójú mi níbi tí mo ti ń kà á. Sòkó, orúkọ Ọlọ́run nìyẹn ní èdè Nupe. Ọlọ́run ló ń ké pè.

Ọmọ Láàbù:

Ah. Gbogbo ẹ̀ ti wá yàtọ̀ nìyẹn. Ìyá yẹn fún àwọn ọmọ ẹ̀ ní mitochondrial DNA tiẹ̀, ìyẹn tó ń gba ọwọ́ ìyá nìkan wá, ṣùgbọ́n bàbá àgbà yín ọkùnrin ni, kò lè fún ọmọ. Orúkọ ìyá yẹn wá ń gba ọwọ́ ọkùnrin lọ, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó fi í hàn dúró sọ́dọ̀ bàbá àgbà. Kò sí àyẹ̀wò kan tí ẹ̀gbọ́n yín ì bá ṣe tó máa sọ "Tápà" fún wọn. Ohun tó ń bẹ lára wọn látọ̀dọ̀ ẹ̀ ni nǹkan bí 12.5% yẹn, inú Nàìjíríà ló sì wà.

Ṣé ó bímọ obìnrin? Tí ọmọ obìnrin yẹn bá bí obìnrin, tí ìyẹn náà bí obìnrin, ara wọn ni mitochondria ìyá yẹn ṣì wà. Àbúrò yín àti ọkùnrin kan láti ìdí ìyáálé náà lè fi Y wéra, tí ọ̀rọ̀ Ìyá bá rí bẹ́ẹ̀ tí kò sì sí àṣírí kankan láàárín, ọ̀kan náà ni wọ́n á bá. Ṣùgbọ́n èmi ò rò pé ẹ nílò rẹ̀ mọ́.

Ìyá Aláró:

Ọmọ obìnrin yẹn ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ bi Ìyá ibi tó fẹ́ ọkọ sí kó tó di pé wọ́n gbàgbé.

Ọmọ Òròkí:

Mo bi wọ́n lórí fóònù láàárọ̀ yìí. Ọ̀kan ni, Ìkìrun ló lọ ilé ọkọ. Àjàní, mo máa kàn sí yín nípa ìyẹn o.

Mo ka gbogbo ẹ̀ fún àbúrò mi lálẹ́ àná láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, títí kan Sòkó. Ó dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Kò mẹ́nu ba kóòtù rárá. Ohun tó béèrè ni ibi tí wọ́n sin ín sí. Mo ní Ìyá sọ pé ẹ̀yìnkùlé ni, lẹ́bàá ibi tí ìkòkò aró máa ń wà, níbi tí wọ́n fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí gan-an. Ó ní òun ń bọ̀ ní Jímọ́ọ̀, kí n sọ fún wọn kí wọ́n má tíì da kọnkéré síbẹ̀.